Ojú Tèmi Ló Wà Lára Páálí Ṣokoléètì Náà

Ẹ fara balẹ̀, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, mo ní ìròyìn fún yín lónìí. Obìnrin kan wà tó ti ń sá fún kámẹ́rà láti kékeré. Obìnrin náà ló wá di ẹni tí fọ́tò rẹ̀ wà lórí àtẹ ní Èkó. Èmi ni obìnrin ọ̀hún. Ọwọ́ ara mi ni mo sì fi ya fọ́tò náà, nínú pálọ̀ ilé wa ní Ìdànrè, pẹ̀lú fóònù tí gíláàsì rẹ̀ ti sán ní igun kan.

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ n mú un látìbẹ̀rẹ̀.

Àwọn tó mọ̀ mí mọ̀ pé ṣokoléètì ni mò ń ṣe. Kì í ṣe èyí tí wọ́n ń kó wọlé láti òkè òkun o. Kòkó tiwa ni, láti oko tí bàbá mi fi sílẹ̀ lọ́nà Atosin. Èmi ni mo máa ń yan hóró rẹ̀, èmi ni mo máa ń lọ̀ ọ́, tí màá pò ó mọ́ ṣúgà àti mílíìkì, tí màá dà á sínú àwo títí yóò fi dì. Ọdún kẹfà rèé tí mo ti wà lẹ́nu ẹ̀. Ìlú tí gbogbo ilé ti ń sá kòkó síta nìlú wa, àmọ́ ẹ bi mí pé mélòó nínú wa ló mọ bí ṣokoléètì ṣe ń dùn? Àwọn àgbà kan wà níbí tó jẹ́ kòkó ni wọ́n fi rán gbogbo ọmọ wọn níwèé, tí wọn ò sì tọ́ ṣokoléètì wò rí láyé wọn, àfi omi ara èso kòkó tí wọ́n ń lá nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé.

Àwọn tó mọ̀ mí tún mọ nǹkan kejì. Àpá iná wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi òsì, láti abẹ́ ojú títí dé àgbọ̀n.

Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà tí epo gbígbóná dà sí mi lójú. Ìyá mi ló ń se epo pupa lẹ́yìnkùlé lọ́jọ́ náà. Wọ́n yí padà láti mú igi ìdáná, èmi sì rò pé mo ti dàgbà tó ẹni tó lè bá wọn ro ó. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí wọ́n tó yíjú padà, ó ti ṣẹlẹ̀.

Láti ìgbà náà ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń dúró fún fọ́tò. Ẹ̀gbẹ́ ni màá lọ, màá fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún han kámẹ́rà, màá fa gèlè wálẹ̀ díẹ̀. Ẹ wo ìwé fọ́tò ìgbéyàwó mi, láti ojú ewé àkọ́kọ́ títí dé èyí tó kẹ́yìn, ẹ ó rò pé ìdajì ojú ni Ọlọ́run dá mọ́ mi. Ìyá mi náà mọ̀ ọ́n. Tí a bá ti fẹ́ ya fọ́tò, wọ́n á rọra wá dúró sápá òsì mi, wọ́n á fi èjìká wọn bò mí. A ò sọ̀rọ̀ rẹ̀ rí. Ogójì ọdún ó dín díẹ̀, a ò sọ ọ́ rí lẹ́ẹ̀kan.

Bí nǹkan ṣe rí nìyẹn nígbà tí Yétúndé pè mí.

Yétúndé ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Èkó tó ti ń ta kìkì nǹkan tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló ra ṣokoléètì mi nígbà tó wá gun òkè wa, ó sì gbé e fún un. Yétúndé ní òun jẹ ẹ́ tán kí òun tó rántí pé ó yẹ kí òun fi díẹ̀ sílẹ̀ fún ọkọ òun. Ó ní òun fẹ́ máa gbà á lọ́wọ́ mi lóṣooṣù, òun á sì bá mi ṣe páálí tuntun tó dáa. Mo ti ń jó nínú ilé ìdáná kó tó wá sọ èyí tó kù: ojú ẹni tó ṣe é ló gbọ́dọ̀ wà lára páálí náà.

Ó ní àwọn oníbàárà òun fẹ́ máa rí ẹni tí owó wọn ń lọ bá. Ó ní kí n fi fọ́tò kan ránṣẹ́ láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, nítorí àwọn tó máa tẹ páálí ti ń dúró. Kí fọ́tò náà mọ́ rekete, láti èjìká sókè, kí n kọjú sí kámẹ́rà tààrà, kó rí bíi ti ẹni tó mọ iṣẹ́ ẹ̀ níṣẹ́.

Mo ní ṣé kò ní í dáa ká ya èso kòkó síbẹ̀? Ó ní èso kòkó ti wà lára ti gbogbo èèyàn. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọgbọ́n. Mo ní àbúrò kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tó rẹwà dáadáa, tó sì máa ń bá mi yan kòkó nígbà míì, ṣé a ò lè lo fọ́tò tiẹ̀? Yétúndé ò bá mi jà o. Ó kàn bi mí ní ìbéèrè kan.

"Ọjọ́ tí ẹ bá wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, mà, ta ni kí n sọ fáwọn èèyàn pé ẹ jẹ́?"

Mo ní màá fi fọ́tò ránṣẹ́.

Ọjọ́ kejì ni mo wọ mọ́tò lọ sí Àkúrẹ́, sí sítúdíò kan tí wọ́n júwe fún mi. Iná ńláńlá wà níbẹ̀, agbòòrùn funfun méjì tí wọ́n fi ń darí ìmọ́lẹ̀ síni lójú, àga olówó ńlá. Ọmọkùnrin tó ni ín lọ́yàyà gan-an, "Mummy" ni gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Ó ní kí ọmọbìnrin kan kùn mí lójú, ó sì yà mí ní ọ̀tún, ní òsì, lókè, nísàlẹ̀. Mo fara dà á. Mo ní bó bá jẹ́ pé èyí ni wọ́n fi ń di èèyàn ńlá, kò burú.

Nígbà tí fọ́tò náà wọ fóònù mi, Bàbá Tóbi, ọkọ mi, ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Olùkọ́ ìṣirò ni wọ́n, wọn kì í ṣàwàdà púpọ̀. Wọ́n gba fóònù, wọ́n fi ìka fẹ̀ ẹ́, wọ́n wò ó títí.

"Ta nìyí?"

Wọn ò ṣeré o, wọ́n ń béèrè ni. Mo gbà á padà, mo wò ó. Àpá náà ti lọ. Ìlà ẹ̀gbẹ́ ẹnu mi ti lọ. Àwọ̀ mi ti funfun bí ògì. Imú mi pàápàá ti tín-ín-rín! Obìnrin arẹwà kan ló wà nínú fọ́tò yẹn lóòótọ́, àmọ́ tí mo bá pàdé rẹ̀ lọ́nà, màá kí i kọjá ni.

Mo pe ọmọkùnrin náà pé kó jọ̀ọ́ fi èyí tí kò tíì fọwọ́ kàn ránṣẹ́. Ó ní òun ti pa wọ́n rẹ́ kí àyè lè gba fọ́tò ìgbéyàwó kan tí òun fẹ́ lọ yà. Ó tiẹ̀ yà á lẹ́nu pé inú mi ò dùn. Lójú tiẹ̀, oore ló ṣe mí, ó ní kò sí oníbàárà òun kan tó ti ní kí òun dá àpá òun padà rí. Mi ò lè bínú sí i. Nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́, ṣé mo sọ fún un pé kó fi àpá náà sílẹ̀? Mi ò sọ. Bóyá mo tiẹ̀ ń retí pé kó bá mi mú un kúrò.

Bàbá Tóbi ní kí n má ṣèyọnu, àwọn máa yà mí fúnra àwọn. Ẹ̀rù bà mí, nítorí gbogbo fọ́tò tí ọkọ mi ti ń yà láti ọjọ́ tí a ti fẹ́ra, bí kò bá gé orí, á gé ẹsẹ̀. Àmọ́ wọ́n ti ro ó jinlẹ̀. Wọ́n ní nígbà tó jẹ́ pé Ìdànrè ni kòkó náà ti wá, kí la tún ń wá? Òkè Ìdànrè ló yẹ kó wà lẹ́yìn mi!

Bí a ṣe dìde lọ́jọ́ Sátidé nìyẹn, pẹ̀lú ìró àti bùbá tí mo fi àpò gbé, tí a gun àwọn àtẹ̀gùn yẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ti gùn ún rí, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Ibi ìsinmi kejì ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀. Nígbà tí a fi máa dé òkè, níbi tí àwọn ilé àtijọ́ wà, ọ̀sán ti pọ́n, oòrùn wà lókè orí wa gangan, pankéèkì ojú mi sì ti ń ṣàn lọ sọ́rùn. Mo pààrọ̀ aṣọ lẹ́yìn ògiri kan, mo jáde, mo dúró. Bàbá Tóbi yà mí títí fóònù fi gbóná.

A délé, a wò ó. Àpáta ńlá wọ̀nyẹn yọ dáadáa, ojú ọ̀run yọ, koríko yọ. Èmi wá ńkọ́? Mo di ojú pọ̀ nítorí oòrùn, òjìji dúdú wà lábẹ́ ojú mi bí ẹni tí wọ́n lù, òógùn ń dán lágbárí mi. Nínú méjì, mi ò tiẹ̀ lórí. Àbí kí n purọ́ fún yín?

Ó ku ọjọ́ mẹ́rin.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo ṣí fọ́tò ti Àkúrẹ́, mo wá orúkọ Yétúndé jáde. Mo ní ta ló máa mọ̀? Èkó jìnnà. Ìka mi ti wà lórí ibi tí wọ́n ń tẹ̀ kó lọ. Ìbéèrè tó bi mí lọ́jọ́sí ló dá mi dúró. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo lọ sùn pẹ̀lú ìbínú.

Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, kí a tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo jáde sí pálọ̀, mo bá ìyá mi níbi tí wọ́n máa ń jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń gbé láti ìgbà tí bàbá mi ti kú. Wọ́n ń ṣa hóró kòkó tó ti bàjẹ́ kúrò nínú àwo. Ilé wa wà lábẹ́ òkè gan-an, nítorí náà oòrùn kì í tètè kàn wá láàárọ̀, òkè á dí i lójú. Ìmọ́lẹ̀ á ti mọ́ kedere, àmọ́ kò ní í ta èèyàn lójú. Ìmọ́lẹ̀ yẹn ló wà lójú ìyá mi. Mo rí gbogbo ìlà iwájú orí wọn, mo rí irun funfun tó yọ lábẹ́ gèlè, mo rí ojú wọn tó ń dán. Ẹ̀yin èèyàn mi, arúgbó ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin yìí rẹwà débi pé mo dúró sójú kan!

Mo yọ fóònù, mo yà wọ́n láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀. Fọ́tò kan ṣoṣo. Nígbà tí mo wò ó, ó dà bíi pé inú ìwé ńlá kan ni wọ́n ti gé e jáde.

Ohun tí n kò mọ̀ láti ọjọ́ yìí wá yé mi. Kì í ṣe kámẹ́rà ńlá ni mi ò ní, kì í sì í ṣe òkè. Ibi tó yẹ kí n jókòó sí ni mi ò mọ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn tí Bàbá Tóbi ti lọ sí iléèwé, mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo gbé àga síbi fèrèsé náà, mo kọjú sí ìmọ́lẹ̀. Mo fi aṣọ òkè aláwọ̀ búlúù kan kọ́ ara ògiri lẹ́yìn, mo sì jìnnà sí ògiri náà díẹ̀ kí òjìji mi má bàa hàn lára rẹ̀. Mo fi bẹ́ẹ̀dì ṣíìtì funfun bo àga kejì lápá ibi tó ṣókùnkùn, kí ó lè máa dá ìmọ́lẹ̀ padà sójú mi. Mo to agolo mílíìkì lórí tábìlì títí ó fi ga tó ojú mi, mo fi rọ́bà de fóònù mọ́ ọn. Mo fi etí ìró mi nu ojú kámẹ́rà ẹ̀yìn, nítorí ẹ ò ní í gbàgbọ́ iye epo àti lẹ́búlẹ́bú kòkó tó wà níbẹ̀. Mo ní kí ó máa ka ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá kó tó yà.

Mo tẹ̀ ẹ́, mo sáré lọ jókòó. Ó yà. Mo tún tẹ̀ ẹ́, mo tún sáré. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ títí ìró mi fi fẹ́ já.

Nígbà tí mo wá gbé e wò, ìmọ́lẹ̀ dáa, aṣọ dáa, gbogbo ẹ̀ mọ́. Àmọ́ nínú gbogbo fọ́tò yẹn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún nìkan ló wà níbẹ̀! Mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé mò ń yí. Ọrùn mi ti mọ̀ ọ́n ṣe ju èmi fúnra mi lọ. Mo tún gbìyànjú, mo ní màá wo kámẹ́rà tààrà, mo kà á lọ́kàn, ẹẹ́wàá, ẹẹ́sàn-án, ẹẹ́jọ. Bó ṣe ku kékeré báyìí, orí mi ti yí padà.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún lórí àga yẹn.

Mi ò mọ̀ pé ìyá mi ti dúró sẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n ti ń wò mí tipẹ́. Wọ́n wá, wọ́n dúró níwájú mi. Wọ́n na ọwọ́, wọ́n gbá àgbọ̀n mi mú, wọ́n sì yí ojú mi padà sí fóònù. Lórí àpá yẹn gan-an ni ìka wọn wà. Láti ìgbà tí egbò náà ti jinná, wọn ò fọwọ́ kàn án mọ́.

"Morẹ́nikẹ́, oṣù mẹ́ta ni mo fi tọ́jú ojú yìí. Mi ò sùn, ìwọ náà ò sùn. Jẹ́ kí wọ́n rí iṣẹ́ ọwọ́ mi."

Ẹ gbà mí gbọ́, mi ò rò ó bẹ́ẹ̀ rí. Gbogbo ìgbà tí mo bá wo àpá yẹn, iná ni mò ń rí. Mi ò rántí oyin tí wọ́n ń fi ìyẹ́ adìyẹ kùn mí lójú. Mi ò rántí pé orí itan wọn ni mò ń sùn sí, kí n má bàa fi ojú náà kan ẹní. Mo ti rò pé ìtìjú wọn ni mò ń bá wọn bò mọ́lẹ̀, àwọn náà rò pé tèmi ni wọ́n ń bá mi bò. A wá jọ ń dúró ní ẹ̀gbẹ́ kan láti ọdún gbọọrọ!

Mo béèrè pé ṣé wọn ò bínú sí ara wọn mọ́. Wọ́n ní àwọn ti bínú tó, ó ti sú àwọn. Wọ́n wá ní kí n nu ojú mi, wọ́n bá mi tún gèlè mi wé, wọ́n gbé e sókè kúrò létí. Wọ́n lọ dúró lẹ́yìn tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù, wọ́n ní àwọn ni kí n máa wò.

Mo tẹ̀ ẹ́, mo padà lọ jókòó. Mi ò sáré mọ́. Mo yí èjìká díẹ̀, mo na ọrùn, mo mí jáde. Mo wo ìyá mi. Wọ́n ń fi ẹnu ka ìṣẹ́jú àáyá náà sókè bí akọ́nimọ̀ọ́gbá, wọ́n sì ṣi í kà, wọ́n fo ẹẹ́fà. Ẹ̀rín pa mí.

Ibẹ̀ ló ti yà mí.

Nígbà tí Bàbá Tóbi dé, mo kàn gbé fóònù lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n wò ó fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n wá yọ awò ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún wò ó. Wọ́n ní ojú tí àwọn ń jí rí láràárọ̀ nìyí, àwọn ò kàn mọ̀ pé ó ṣeé fi ya fọ́tò ni.

Mo fi ránṣẹ́ sí Yétúndé. Mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n má ṣe fọwọ́ kan ohunkóhun lójú mi o. Ó pè mí. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. Ó ní ẹni tó ń bá òun ya páálí náà ti ní kí àwọn fi àwòrán ewé àti òdòdó yí i ká tẹ́lẹ̀, ó rí fọ́tò náà, ó ní kí wọ́n yọ gbogbo rẹ̀ kúrò, ojú náà ti tó.

Oṣù tó tẹ̀lé e, mo lọ sí Èkó. Mo wọ ṣọ́ọ̀bù náà, mo rí ara mi lórí àtẹ, ní ìlà gígùn, gbogbo wa ń rẹ́rìn-ín. Obìnrin kan tó wọ aṣọ iṣẹ́ báǹkì mú ọ̀kan, ó wo páálí, ó gbójú sókè, ó wò mí, ó tún wo páálí. Ó wá kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní ẹ kú iṣẹ́ mà, ó sì mú mẹ́ta sí i. Yétúndé ò ní láti sọ fún ẹnikẹ́ni pé ta ni mo jẹ́. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, àtẹ náà ti ṣófo, ó ní kí n ṣe ìlọ́po méjì wá. Mo fi orin wọ mọ́tò padà sílé!

Àmọ́ kì í ṣe ìyẹn ló dùn mọ́ mi jù o.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, obìnrin kan wá láti Ofosu pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ obìnrin. Wọ́n ti rí páálí náà lọ́wọ́ ẹnì kan, wọ́n sì béèrè títí wọ́n fi dé ilé wa. Sítóòfù kẹrosíìnì ló gbiná lójú ọmọ náà lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, ọrùn àti àgbọ̀n rẹ̀ ló mú. Ó ti kàwé jáde, ó ń wá iṣẹ́, àwọn tó ń gbani síṣẹ́ ń béèrè fọ́tò, àmọ́ kò gbà kí ẹnikẹ́ni ya òun. Síkáàfù ló fi bo ọrùn nínú ooru yẹn. Kò wò mí lójú.

Mi ò wàásù fún un. Mo kàn ní kó wá jókòó síbi fèrèsé. Ìyá mi ló bá a tú síkáàfù náà, wọ́n ká a, wọ́n fi sórí itan wọn. Mo yà á láti òkèèrè lákọ̀ọ́kọ́, nítorí mo mọ bó ṣe ń ṣe é. Mo fi hàn án. Ó gba fóònù, ó wò ó títí ìyá rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í fòyà.

Ó wá dá a padà fún mi. Ó ní kí n jọ̀ọ́ tún ya òmíràn, kí n sún mọ́ òun sí i.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ohun tí mo rí kọ́ rèé: fọ́tò tó dáa kò ní kó o di ẹlòmíràn kó tó dáa. Wá fèrèsé, kọjú sí ìmọ́lẹ̀, nu kámẹ́rà rẹ, jẹ́ kí ẹni tó fẹ́ràn rẹ dúró síbi tí wàá ti máa wò ó. Kò sí ẹni tó máa ra ojú tó ò ń fi pamọ́.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ẹ̀gbẹ́ kan wà lójú yín tí ẹ máa ń bò nínú fọ́tò? Ta ló kọ́kọ́ yí àgbọ̀n yín padà síwájú? Ẹ sọ ọ́ fún wa nísàlẹ̀ níbí. Tí ẹ bá sì ti ya èyí tí ẹ ò bo nǹkan kan níbẹ̀, ẹ gbé e wá, ká jọ wò ó.